Ẹ gbà mí o, package kan ṣoṣo ló da gbogbo iṣẹ́ rú

Ọmọ Ìgbọ̀nà, Toronto: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Package kékeré (kóòdù àyálò) tó ń kọ déètì sórí rìsíìtì áàpù wa ni mo gbé sí ẹ̀yà tuntun lọ́sàn-án. Login ló kú! Kí ló pa déètì àti login pọ̀? Mo ti pa node_modules rẹ́, fódà tí àwọn package ń gbé, mo pa package-lock.json náà rẹ́, fáìlì lock tó ń di ẹ̀yà package kọ̀ọ̀kan mú, mo tún ṣe npm install láti kó wọn wọlé láti npm, ọjà package. Ó wá burú sí i. Ọ̀gá mi ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án.

Bọ̀dá Dublin: O pa lock rẹ́ kẹ̀?

Àṣàkẹ́ Manchester: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ti ṣe é rí, ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ gan-an. Package tó lé ní 200 ló gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Gba lock yẹn padà nínú git tó ń tọ́jú kóòdù àtẹ̀yìnwá, kí o lo npm ci tó ń tẹ̀lé lock gan-an, má lo install. Login náà ń lo package déètì yẹn ni, òun ló fi ń mọ ìgbà tí tókìn, àṣẹ ìwọlé èèyàn, máa kú. npm ls á fi gbogbo ẹni tó gbára lé e hàn ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Lock kọ́ ló jẹ̀bi. Àmì ^ tó wà níwájú nọ́ńbà ẹ̀yà package yẹn ni. Ẹni tó kọ ^1.4.0 ti ní kí 1.9.0 máa bọ̀.

Bọ̀dá Dublin: Lock ló tì í mọ́ ìta! Ẹni tó pe àlejò kọ́ ló jẹ̀bi, ẹni tó yọ ilẹ̀kùn ni.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ẹ ti gbàgbé package left-pad, 2016? Ìlà 11 péré. Ẹni tó kọ ọ́ yọ ọ́ kúrò lórí npm, iṣẹ́ ńláńlá bíi Babel àti React dákú. Lock wo ló máa gba ohun tí kò sí mọ́?

Ọmọ Ìgbọ̀nà, Toronto: Ẹ ṣeun, mo ti ṣe npm ci, login ti jí. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ń sọ pé ọdún 1970 la wà.

Ìyàwó Ìlú, Leeds: 1970! Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò tíì délé ayé. Ìbàdàn wa lẹ ti ń wá kí gómìnà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dáa!

Bọ̀dá Dublin: A ti gba ara wa lọ́wọ́ yín ní 1991. Ìlú tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ kan bá kú ní Mọ́kọ́lá, gbogbo Dùgbẹ̀ á dúró.

Ìyàwó Ìlú, Leeds: 😂 Ẹ̀yin aláró!

Àṣàkẹ́ Manchester: Ẹ má dárúkọ aró fún mi. Èékánná ìyá bàbá mi dúdú bí ẹ̀lú títí wọ́n fi sùn. Ta ló ń lọ wo iná olójúmẹ́rìndínlógún ọdún Ọ̀ṣun ní August?

Ọmọ Ìgbọ̀nà, Toronto: Ẹ jọ̀ọ́, 1970 yẹn ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Àṣàkẹ́, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ yín?