Ọ̀dà yàrá nílẹ̀ eruku: kí lojú tiyín rí?

Láti Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ wá fi tiyín lé e.

Fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyàwó mi ní funfun báláú lòun fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń polówó ilé ní Gwarinpa. Èmi ní kírímù. Ọ̀rọ̀ ò parí nílé, ló bá di ọjà Dei-Dei. Ọmọkùnrin tó ń po ọ̀dà níbẹ̀ gbọ́ tẹnu wa tán, ó wá bi wá pé, "Mọ̀mí, ṣé títì ọlọ́dà ló dé iwájú ilé yín, àbí ilẹ̀ pupa?" Ilẹ̀ pupa ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó kán àwọ̀ búráùn díẹ̀ sínú funfun, ó rò ó, ó fìka tọ́ ọ sórí páálí, ó sì gbé páálí náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa nínú oòrùn, torí pé àwọ̀ ọ̀dà tútù yàtọ̀ sí ti gbígbẹ. Nígbà tó fi máa gbẹ, ó ti ṣú sí i díẹ̀.

A gbé kékeré lọ sílé, a kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti sí ògiri inú lọ́hùn-ún. Láàárọ̀, kírímù ni. Nírọ̀lẹ́ tí oòrùn wọlé, ó pọ́n bí òroǹbó. Lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù funfun, ó ṣá pátápátá. Gílóòbù la pààrọ̀ sí oníná pupa rúsúrúsú, a ò fọwọ́ kan ọ̀dà. Àjà nìkan ló kun funfun. Ìyàwó mi ṣì ń sọ pé èmi àti ọmọ Dei-Dei la jọ dìtẹ̀ mọ́ òun.

Láti Sabon Gari, Kano

Ẹ̀yin ọmọ Abuja, ẹ ò tíì rí eruku o. Tiyín, ilẹ̀ pupa ni. Tiwa níbí, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń gbé e bọ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, kò pọ́n, àwọ̀ eérú ló jọ. Àwọ̀ tó ṣú ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn aró tí wọ́n ń rẹ ní Kofar Mata, ló bá ní àwọ̀ aró ni kí wọ́n fi kun pálọ̀. N ò ní purọ́, ó dùn ún wò. Lásìkò òjò, kò sí àlejò tí kì í yìn ín. Kí ọyẹ́ ṣáà ti dé! Orí suwíìṣì, etí férémù fọ́tò, gbogbo ibi tó bá ti yọrí jáde, eruku ti gúnwà síbẹ̀.

Emulsion, ọ̀dà olómi, olówó pọ́ọ́kú sì ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi fi aṣọ tútù nù ún, aṣọ di búlúù, ògiri di alábàwọ́n. Mo ti ní satin ni ká fi kùn ún, tó ṣeé nù, bàbá ní ó wọ́n jù. Owó tí a fi tún un kùn ńkọ́?

Láti Lugbe

Èmi ayálégbé ni. Onílé ní ohun tó bá wù mí ni kí n kùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kó lọ kí n dá a padà sí mílíkì. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mo kùn ní àwọ̀ ewé. Ó tó mi.

Láti Kaduna

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe. Màmá Kano, ẹ kú ìnáwó. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwòrán inú fóònù. Oníbàárà á ní, "irú èyí gẹ́lẹ́." Nínú àwòrán, gíláàsì ni odindi ògiri kan, ní yàrá tirẹ̀, fèrèsé kékeré kan ló wà, fẹ́ǹsì aládùúgbò sì ti dí i. Àwọ̀ eérú tó dá ṣáká lọ́hùn-ún á ṣókùnkùn níbí. Ìyeyè tí kò le ni mo máa ń ní kí wọ́n lò.

Ẹ̀gbọ́n Kubwa, ṣé ẹ po gbogbo ọ̀dà yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Bí garawa oní-20 lítà bá tán láàárín ògiri, èyí tí wọ́n bá tún fọwọ́ pò kì í sábà bá a mu, ìlà á hàn. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù, kí ẹ dé e pa dáadáa. Ọjọ́ tí ọmọ bá fi báírò kọ ABD sára ògiri, ẹ máa wá a.