Níbo ni èèyàn ti lè rí ewé pupa létí òkun? Ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Yábàá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mo máa pé 50 ọdún lọ́dún yìí. Látìgbà tí mo ti ń tajà ní Tejúoṣó, mi ò sinmi ọ̀sẹ̀ kan rí. Ọkọ mi ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ pátì, mi ò fẹ́ aṣọ ẹbí, ewé ni mo fẹ́ lọ wò. Ewé tó máa ń pọ́n bí epo lórí igi nígbà ìwọ́wé lókè òkun, ní erékùṣù tó dákẹ́, kí n máa gbọ́ ìró òkun. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó sọ fún àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Àǹtí. Ó dé lọ́jọ́ Sunday, ó jẹ ẹ̀bà mi tán, ó ní, “Ìyàwó, ewé kẹ̀? Ṣé ewé ti tán ní Badagry ni?” Òun tó lọ ra góòlù ní Dubai tó ti dúdú báyìí! Mi ò lè sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, níbo ló dáa jù?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ìlú wo, ma? Oṣù wo? Ṣé físà ti wà? Ẹ ò sọ ìkankan, ẹ̀bà lẹ sọ.

Àǹtí Boston: Mount Desert Island ni kẹ́ ẹ lọ, ní Maine, Amẹ́ríkà níbí. Ibẹ̀ ni ọgbà Acadia wà. Afárá ló so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Òkè Cadillac ga tó mítà 466, tẹ́ ẹ bá dé orí ẹ̀, òkun lápá kan, igi pupa lápá kejì. Iná ńlá kan jó níbẹ̀ lóṣù kẹwàá 1947, ó jó ọ̀pọ̀ igi tí kì í wọ́wé. Birch àti aspen tó hù dípò wọn ló ń dà bíi wúrà báyìí. Àmọ́ ẹ gba àyè mọ́tò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gun òkè yẹn, torí wọ́n lè dá yín padà. Nígbà témi lọ, ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò, ó ní òtútù. Èmi nìkan ni mo rìn dé etí òkè, òun ń fọn fèrè mọ́tò. A ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta: Owó tó lè ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú lẹ fẹ́ fi wo ewé tó ń kú.

Ìyá Ìbejì Yábàá: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Owó yín kọ́. Àǹtí Boston, ẹ ṣé gan-an, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí lórí fóònù.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Oṣù wo, ma?

Ìyá Ìbejì Yábàá: Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ni ọjọ́ ìbí mi. A fẹ́ dé ní ọjọ́ 20.

Àǹtí Boston: Háà! Àárín oṣù kẹwàá ni ewé ibẹ̀ máa ń pọ́n dáadáa. Tó bá fi máa di ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ẹ̀ka lásán lẹ máa bá. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Bar Harbor, ìlú tó wà ní erékùṣù yẹn, á ti tì, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ á ti ṣíwọ́. Ewé ò mọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀gbọ́n mi.

Olùkọ́ Akọkà: Ohun tó ń mú ewé pọ́n ni pé ọjọ́ ti kúrú, òtútù ti dé, àwọ̀ ewéko inú ewé á kú. Àwọ̀ bí ọsàn tó pọ́n ti wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pupa ni igi ń ṣe ní tuntun láti inú ṣúgà tó há sínú ewé. Tó bá jẹ́ oṣù kọkànlá náà ni, erékùṣù Miyajima ní Japan ni. Àárín oṣù yẹn sí ìparí ẹ̀ ni igi maple inú ọgbà Momijidani níbẹ̀ máa ń pọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta: Japan! Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀?

Olùkọ́ Akọkà: Bàbá, ìbéèrè ni wọ́n bi wá. Ìkòròdú kọ́ ni wọ́n bèèrè.

Ìyá Akin Sùúrùlérè: Ìyá Ìbejì, igi fúrúùtù iwájú ilé wa máa ń pọ́n fòò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kó tó wọ́wé. Mo máa ń gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná tórí ẹ̀. Ẹ wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ká tún lọ jókòó sétí òkun ní Tarkwa Bay.

Ìyá Ìbejì Yábàá: Ìyá Akin, kí n pé 50 kí n wá máa wo fúrúùtù? Igi tí à ń sọ lókò?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Físà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Yábàá: Físà, físà! Ọkọ mi ti fún ẹnì kan lówó, ó ní ó dájú. Oṣù kẹta ni wọ́n ní ká wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Oṣù kẹta tó kọjá?

Ìyá Ìbejì Yábàá: Èyí tó ń bọ̀.

Àǹtí Boston: Yéè.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ma, kò sẹ́ni tó lè fi físà dáni lójú, ẹ́ńbásì ló ni ín. Ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni yẹn lálẹ́ yìí. Tí wọ́n bá fún yín ní físà lóṣù kẹta, ẹ lọ lóṣù kẹwàá.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta: Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ìyá Ìbejì Yábàá: Ìyá Akin, jẹ́tì wo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ Tarkwa Bay? Ẹ má kọ ọ́ síbí, ẹ pè mí. Àbúrò ọkọ mi wà nínú gúrúùpù yìí.