"Àdírẹ́sì àìyípadà" kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a máa fi Yorùbá pe "static IP address", ìyẹn nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù: àwọn kan ní ká pè é ní "àdírẹ́sì àìyípadà", àwọn kan ní ká kúkú lo "ojúlé". Mi ò fara mọ́ ìkankan.

"Ojúlé" dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kì í rìn, láptọ́ọ̀pù ń rìn. Ká ní ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Ó fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní 192.168.1.50, kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lè máa bá fáìlì níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó dalẹ́, ó gbé e lọ sílé ní Òkè-Baálẹ̀, router ibẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń so ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) sì ń jẹ́ 192.168.0.1. Ti ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, ti ilé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.0, wọn ò bára mu, íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Kò ní wọlé, àfi tó bá yí nọ́ńbà náà padà. Èwo wá ni àìyípadà níbẹ̀?

Ẹni tó yan nọ́ńbà ló yẹ ká fi ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Níbi tó pọ̀ jù, router ló ń pín in, nípasẹ̀ DHCP, ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀, tí ìlànà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jáde ní 1997. Ó ń yá láptọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà fún àkókò kan ni. Kí àkókò náà tó pé, láptọ́ọ̀pù á ti máa bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. "Àdírẹ́sì àyálò" bá èyí mu rẹ́gí. (Ó tilẹ̀ sàn ju "ọ̀rọ̀ àyálò" tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé lọ: ta ló dá bẹ́líìtì padà fún Òyìnbó rí?)

Èyí tí a fọwọ́ tẹ̀ ni kó máa jẹ́ "àdírẹ́sì àfọwọ́yàn". Ẹ má ṣe pè é ní "àfọwọ́sí", wọn á ní ta ló buwọ́ lù ú. Kí ẹni tó ń yàn án ṣáà ṣọ́ra: bí router bá ń pín nọ́ńbà tí ìparí rẹ̀ jẹ́ láti 100 dé 200, tí èèyàn lọ mú 120, router lè yá fóònù ẹlòmíì ní 120 kan náà, àwọn méjèèjì á kọlura. 50 òkè yẹn kò sí nínú èyí tó ń pín.

Ìkẹta tún wà, òun ni "àìyípadà" máa dàrú mọ́ àfọwọ́yàn: router lè fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tó ń fi MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) dá a mọ̀. Láptọ́ọ̀pù ṣì ń tọrọ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà tó bá dé Òkè-Baálẹ̀, á gba ti ibẹ̀. Mo pe ìyẹn ní "àdírẹ́sì àfipamọ́". Ní ti oníṣọ́ọ̀bù wa, òun gan-an ló bá a lára mu.

Ó ku 255.255.255.0 ("subnet mask", tí wọ́n máa ń tẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà náà) tí ẹnìkan pè ní "ìbòjú". Kò bo ohunkóhun. Ibi tí nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì parí sí, tí ti ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ló ń fi hàn. "Nọ́ńbà ààlà" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.