Foden àti ERF: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa lọ́rì àtijọ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Crewe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, Sandbach ò sì jìnnà sí wa, bàbá òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wá ń sọ fún mi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe lọ́rì Foden àti ERF, pé ẹbí kan náà ló ni méjèèjì! Mo rò pé ó ń fi mí ṣàwàdà ni, mo bá lọ kà á, àṣé òótọ́ ni. Ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn ni Foden fi lókìkí, Edwin Richard Foden, ọ̀kan nínú ẹbí náà, ní dísẹ́ẹ̀lì ló kàn, wọn ò gbọ́ tiẹ̀, ló bá kúrò, òun àti Dennis ọmọ ẹ̀ dá ERF sílẹ̀ ní 1933. Foden náà pàpà padà pa tooru omi tì (ẹ ò rí nǹkan).

Ibi tí ò yé mi nìyí: Paccar ti Amẹ́ríkà ra Foden ní 1980, MAN ti Jámánì ra ERF ní 2000, nígbà tó fi máa di 2007 kò sí ìkankan mọ́. Ṣé Volvo àti Scania ló lé wọn lọ́jà ni àbí ìjà ẹbí yẹn ló tú wọn ká? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wakọ̀ rí, èwo ló dáa jù nínú méjèèjì? Nílé, Bedford bọ́lẹ̀kájà àti Leyland nìkan ni mo mọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni rí ERF rí ní Nàìjíríà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, mo ti bá bàbá yẹn jiyàn o.