Báwo ni ìrìn àgbàlagbà ṣe yẹ kó yá tó?

Ará Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ẹni ọdún 74 tó ń fẹsẹ̀ lọ sọ́jà, báwo la ṣe lè wọn ìrìn wọn nílé?

Ará Àjàṣẹ́: Okùn télọ̀ jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi mítà 1 kún un, ó di 4. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan níbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan níparí rẹ̀. Kí ìyá ti máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọjá ìkejì kí wọ́n tó dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró lórí ìlà, ẹsẹ̀ á ti falẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ìrìn ojoojúmọ́ ni o, kì í ṣe eré. Láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkejì, ìṣẹ́jú àáyá 4 dáa gan-an. Bó bá kọjá 5, ẹ jẹ́ kí dókítà wo iṣan ẹsẹ̀ wọn.

Ọmọ Ṣábẹ: Ẹ kọ́kọ́ wo ìró wọn. Ìró tó fún pinpin ń gé ìgbésẹ̀ kúrú, sàlúbàtà tó ti jẹ sì ń mú kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀. Àmọ́ ìrìn tó ṣàdédé falẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má pè é lógbó. Ẹ tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.