Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oró ìgbín òkun ni mo fẹ́ fi ṣèwádìí, Ifẹ̀ ni mo sì wà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kàwé gboyè ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú Bayokẹ́mísìrì ní OAU. Oró ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní cone snail ló wù mí. Lára ọ̀kan nínú wọn, Conus magus, ni wọ́n ti rí ziconotide, oògùn ìrora tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Ẹ̀gbọ́n kan ní yàrá ìwádìí ní kò sí òkun n'Ífẹ̀, kí n yáa mú ewé bíi tàwọn yòókù. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́kọ Ìlódè: Ìgbín tiwa, ẹ̀rọ̀ ni, òun la fi ń bọ Ọbàtálá. Èwo tún ni ìgbín olóró?

Apòògùn: Ìyá, èyí léyín bí abẹ́rẹ́ tó fi ń gún ẹja. Conus geographus, irú wọn kan, ti pa èèyàn rí. Àbúrò, ziconotide kì í ṣe oògùn gbígbémì o. Inú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká ni wọ́n ń fà á sí, fún ìrora tápá oògùn mìíràn ò ká. Ó lè mú kí òòyì kọ́ni, ó lè da ọpọlọ rú. Àmọ́ ara kì í mọ́ ọn lára bíi ti mọ́fíìnì.

Ọ̀mọ̀wé: Ṣé òkun wà ní Utah, ní Amẹ́ríkà, ni? Ibẹ̀ ni Olivera, ọmọ Philippines, àti McIntosh, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ti ṣiṣẹ́ lórí oró ìgbín yẹn. Ziconotide òde òní gan-an, àtọwọ́dá ni: amino acid (ẹyọ tí wọ́n fi ń to purotéènì) 25, ìdè sulfur 3. Ìdè yẹn ni wàhálà. Ọ̀nà 15 ni cysteine (amino acid tó ní sulfur) 6 lè gbà so mọ́ra ní méjì-méjì, ọ̀kan ṣoṣo lo ń wá. Dọ́là ni wàá sì fi ra èyí tí wọ́n bá bá ọ ṣe. Kọ̀ǹpútà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ConoServer, ibi tí wọ́n kó ìmọ̀ nípa oró ìgbín wọ̀nyí sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ètò amino acid àwọn oró náà pọ̀ níbẹ̀. Yan díẹ̀, kó o wo èyí tó lè dí ojú ọ̀nà tí calcium ń gbà wọ iṣan tó ń gbé ìrora. Ta ni alábòójútó rẹ? Ṣé ó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ará Iléṣà: Ọjọ́ tó o bá ra peptide, ìyẹn ẹ̀wọ̀n amino acid tí wọ́n bá ọ ṣe, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ fírísà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Alábòójútó mi mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, màá lọ bá a ní Mọ́ńdè. Ọ̀mọ̀wé, ṣé mo lè fi àwọn tí mo bá yàn ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó, sà?

Ọ̀mọ̀wé: Fi ránṣẹ́. Má jẹ́ kó ju márùn-ún lọ.