Èsì: Hánẹ́sì kì í ṣe “ìjánu wáyà”. Ìdì ni, àtúdì àti àdìtà ló tẹ̀lé e

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹnìkan láti Òṣogbo ń kọ ìwé pélébé fún àwọn ọmọṣẹ́ rìwáyà. Ó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE, oní-líítà 2.4 ti Camry Big Daddy, sínú Camry Pencil Light tó ń lo 5S-FE oní-líítà 2.2. Ó bèèrè pé: kí a tú hánẹ́sì, ìyẹn àkójọ wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ká sì tún un tò ni, àbí kí ọlọ́kọ̀ ra òmíràn? Kí sì ni orúkọ méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní “ìjánu wáyà” ni hánẹ́sì, “àtúnṣe ìjánu” ni ti àkọ́kọ́, “ìjánu rírà” ni ti èkejì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà.

Ìjánu ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọkọ̀. Bíréèkì là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ “ìjánu wáyà” fún ọmọṣẹ́, abẹ́ ọkọ̀ ni yóò wọ̀, wáyà háńbíréèkì ni yóò dì mú. Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ wá “harness”, ẹ rí ẹṣin níbẹ̀, ẹ sì kó ìjánu ẹṣin wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì, wọ́n fi ìwà rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́n láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti hánẹ́sì náà. Wáyà tín-ín-rín àti wáyà ńlá ni, tí wọ́n tò, tí wọ́n pín sí ẹ̀ka, tí wọ́n sì fi tẹ́ẹ̀pù dì pọ̀. Dì! Orí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìdì wáyà ni, bí ìdì igi, bí ìdì ewé. Ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì o. Ẹni tó kọ “ìdí wáyà” lánàá ti sọ ọ́ di ìjókòó, ẹni tó kọ “idì wáyà” ti sọ ọ́ di ẹyẹ.

Òṣogbo fúnra rẹ̀ ló sì fún wa ní orúkọ yòókù. Àdìrẹ ńkọ́? À-dì-rẹ: ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó tẹ̀léra, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-. Bí a bá tú ìdì wáyà palẹ̀, tí a yọ ohun tí a ò lò, tí a fi ohun tó yẹ tí kò sí níbẹ̀ kún un, tí a sì dì í padà, àtúdì ni. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá dì í tuntun láti tà fún ẹni tó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àdìtà ni. Atúdì, tí ohùn àárín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èèyàn nìyẹn: rìwáyà gan-an.

Arábìnrin wa tó kọ “àtúdi” ń ronú nípa “di ẹrù” àti “di irun”. Òótọ́ ni pé ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ bá tẹ̀lé e. Ẹrù ò sí nínú àtúdì, irun ò sí níbẹ̀. Kí ló fẹ́ gbé e gòkè?

“Àtúndì” tí ọ̀gbẹ́ni kan dábàá ló sún mọ́ ọn jù, òun náà ni mo sì bẹ̀rù jù. Tún sọ pé a dì í lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ pé a tú u. Ẹni tó gé wáyà láàárín, tó so òmíràn mọ́ ọn, tó wá fi tẹ́ẹ̀pù tuntun bo ti àtijọ́, òun náà ṣe àtúndì. Àsomọ́ ni iṣẹ́ yẹn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ibi tí wáyà kankan ti wá, gbogbo rẹ̀ á di àdììtú. Ẹ sì wo àdììtú yẹn dáadáa: ohun tí a dì tí kò ṣeé tú. Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń jà fún tú, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí atúdì kọ́kọ́ wá àwòrán wáyà brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ti ọkọ̀ méjèèjì, kó rí i pé ọdún rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Ẹ́ńjìnnì kan náà lè ní ẹsẹ̀ brain box (pin tí wáyà ń wọ̀) tó yàtọ̀ bí ọdún bá yàtọ̀. Kó tẹ́ ìdì náà sórí pákó, kó lẹ bébà orúkọ mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ọ̀dọ̀ brain box ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú tẹ́ẹ̀pù, kó má ṣe gé wáyà tí kò lò. Inú orí rẹ̀ (connector, ike tí ẹnu wáyà ń wọ̀) ni kó ti fà á jáde. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni oríkèé, ibi tí wáyà púpọ̀ ti pàdé, tó fara pamọ́ sábẹ́ tẹ́ẹ̀pù. Nínú Toyota, wáyà E2 ni ilẹ̀ (earth, ọ̀nà tí iná ń gbà padà) fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń wọn nǹkan fún brain box, lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá gé ẹ̀ka tí oríkèé yẹn wà, sẹ́ńsọ̀ ooru omi àti ti tọ́rótù (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) á jọ máa purọ́ fún brain box.

Brain box ń fẹ́ iná mẹ́rin: èyí tí kì í kú láti bátìrì, èyí tó gba relay EFI (suwíìṣì tó ń fún ètò epo ẹ́ńjìnnì ní iná) kọjá, èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn, àti èyí tó ń wá nígbà tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Kọ́ìlì 2AZ-FE, tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, mẹ́rin ni, wáyà mẹ́rin-mẹ́rin: iná, ilẹ̀, IGT tó ń gbé àṣẹ wá, IGF tó ń jẹ́ iṣẹ́ padà pé iná ti tan. IGF yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí 5S-FE ò ní kọ́ìlì lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dé, brain box á ti injector tó ń fọ́n epo pa: ọkọ̀ á jí, á sì kú lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá lọ máa pààrọ̀ pọ́ǹpù epo lásán.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) lọ́ mọ́ra, ó sì ní ìbòrí. Bó bá kúrú, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a fi mú un gùn sí i, kí ìbòrí náà kan ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo kọ́ìlì á wọ inú rẹ̀. Mílímítà onígun mẹ́rin (mm²) 0.5 tó fún wáyà sẹ́ńsọ̀, 2 ni kí a lò fún pọ́ǹpù. Ìsopọ̀ tí a fi páńsì tẹ̀, tí a fi rọ́bà asúnkì, tó ń sún kì bí ooru bá kàn án, bò, ló dára lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òjé tí a yọ́ so wáyà máa ń mú wáyà gan, ìgbọ̀nrìrì á sì ṣẹ́ ẹ létí òjé náà. Kí ìsopọ̀ má ṣe wà lójú kan, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà síra. Bí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì jí, kí míìtà tó wà láàárín orí òdì (−) bátìrì àti ara ẹ́ńjìnnì má ṣe ju fólítì 0.2 lọ. Kí ẹ́ńjìnnì jí, kó gbóná, kí ọkọ̀ rìn, kí a tó fi tẹ́ẹ̀pù di wáyà náà. Tẹ́ẹ̀pù aṣọ ni kí a lò, gọ́ọ̀mù ara tẹ́ẹ̀pù ike ń yọ́ nínú ooru.

Àdìtà ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń dì í tà fún ẹ́ńjìnnì LS ti GM àti ẹ́ńjìnnì K ti Honda. Wáyà díẹ̀ ló kù láti so: bátìrì, kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù, fáànù, iná ìkìlọ̀, ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ sọ bóyá tọ́rótù rẹ̀ ń lo okùn tàbí iná, irú gíà tó ní, àti fún LS, bóyá kíráńkì rẹ̀ jẹ́ 24x tàbí 58x (iye àmì tí sẹ́ńsọ̀ ń kà bó bá yí lẹ́ẹ̀kan). Bí èyí bá ṣì, ẹ́ńjìnnì ò ní jí.

Ẹ̀gbọ́n, “ìjánu rírà” yín wó níbí. Ẹni tó ra hánẹ́sì tòkunbọ̀ náà rà á, kò sì ra àdìtà. Ẹnikẹ́ni ò dì í fún títà, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìdì lásán ni títí wọn ó fi tú u. Fún Camry yìí, ohun tí màá kọ sínú ìwé náà ni pé kí wọ́n ra ìdì 2AZ-FE tí wọn ò gé, pẹ̀lú brain box àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bó bá ní ímóbíláísà (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí fún kọ́kọ́rọ́ mìíràn), kí wọ́n sì ṣe àtúdì rẹ̀ mọ́ ìdì ara ọkọ̀. Bí bàbà inú wáyà bá ti ń ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó ní òun ti kọ́ gírámà lọ́pọ̀ ọdún, nítorí náà ká gba “okùn iná” dípò wáyà: rìwáyà ni gbogbo ìlú ń pe oníṣẹ́ yìí. Ṣé olókùn-iná la ó máa pè é? Ẹni tó sì ní kí n kọ Òsogbo láìsí àmì lábẹ́ s, mo ti rí ohun tí ẹ kọ. Mi ò yí i padà.